Fátóyè àti Kànga Ìka Mẹ́jọ

Agbẹ́kànga ni Fátóyè. Ìlobù ni wọ́n bí i sí, Ìlobù náà ló kú sí, lọ́dún 1978. Èmi Jímọ́ọ̀ ni mo ń bá a di okùn mú fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tí mo kọ síbí, mo rí i ni, tàbí kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn kan ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Kò nílò iyọ̀.

Ẹni mẹ́ta ni wá lẹ́nu iṣẹ́ náà: Fátóyè, Ọdẹ́wálé àbúrò rẹ̀, àti èmi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ilé olórìṣà ni ilé wọn. Bàbá wọn ti kú. Àbọ̀kẹ́ ìyá wọn wà láyé, Ọ̀ṣun ló ń bọ. Fátóyè ń lọ sí ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́, kò lè wọ kànga mọ́. Ọdẹ́wálé ló ń wọ̀ ọ́. Ọdẹ́wálé tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́. Fátóyè máa ń sọ pé bí àbúrò òun bá já láti orí ọ̀pẹ, bí ìyẹ́ adìyẹ ni yóò ṣe balẹ̀. Àwa a sì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbígbẹ́ ló sọ Fátóyè di olókìkí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ kànga gbẹ́. Wíwọ̀n ni. Bí wọ́n bá pè é sí kànga àtijọ́ tó ti gbẹ, tí wọ́n ní kó bá àwọn gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ sí i, kì í sọ okùn sí i kó tó mọ bó ṣe jìn. Yóò mú òkúta kékeré kan, yóò na ọwọ́ òsì sí àárín ẹnu kànga, yóò fi òkúta sílẹ̀. Bí òkúta bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìka ọwọ́ ọ̀tún yóò ti máa kan igi tí a gbé dábùú ẹnu kànga: kó, kó, kó. Kì í yára jù, kì í falẹ̀ jù. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn àti lọ́jọ́ tí inú bí i, bákan náà ni. Bí òkúta bá ró nísàlẹ̀, ìka dúró. Ìka kan, ẹsẹ̀ márùn-ún. Ìka márùn-ún, ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Iye tó bá pè ni onílé yóò lọ fi ra okùn tuntun. Àṣà iṣẹ́ wa ni. Okùn onílé la fi ń ṣiṣẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, òun náà ni wọn yóò máa fi pọn omi. Fátóyè yóò tẹ́ okùn náà sílẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, gìgísẹ̀ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Bó bá pé, a so ó mọ́ igi, Ọdẹ́wálé wọlẹ̀.

Kànga ilẹ̀ wa kì í jìn. Ìka mẹ́rin, ìka márùn-ún ló pọ̀ jù. A máa ń rí ìka mẹ́fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìka mẹ́fà, okùn máa ń dín. Ọdẹ́wálé yóò dé òpin okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tíì tẹlẹ̀. Yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ìdí okùn, yóò na gbogbo ara, yóò fi okùn sílẹ̀, ilẹ̀ á sì ti wà níbẹ̀. Fátóyè ní okùn tuntun máa ń súnkì. A gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1973 ọ̀dá dá. Òjò ọdún tó ṣáájú kò rọ̀ tó, ẹ̀ẹ̀rùn wá le. Àwọn odò kéékèèké gbẹ. Àwọn obìnrin ń fi òru du omi létí odò. Gbogbo ilé tó ní kànga ló ń wá agbẹ́kànga.

Nínú oṣù kẹta, Láyíwọlá ránṣẹ́ pè wá láti Ìfọ́n. Láyíwọlá yìí wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáńà lọ́dún 1969. Abọ́ tánganran ló ń tà. Ó ra ilé àtijọ́ kan lórí òkè, kànga kan wà lẹ́yìn ilé náà tí wọ́n fi pákó bò. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Gáńà ni ọmọbìnrin rẹ̀, Dọ́káàsì, ti kàwé. Ó ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé kan nínú ìlú.

A ṣí pákó. Fátóyè mú òkúta. Gbogbo wa dákẹ́.

Kó, kó, kó, kó, kó, kó, kó, kó. Òkúta ró.

Ìka mẹ́jọ. A ò rí i rí.

“Ogójì ẹsẹ̀,” ni Fátóyè wí. “Ẹ lọ ra okùn ogójì, kí ẹ fi díẹ̀ lé e tí a ó fi ta kókó.”

Dọ́káàsì ń lọ sí ilé-ìwé, ó ti kó ìwé sábẹ́ apá. Ó dúró, ó kúnlẹ̀ kí wa.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un jù kí n wò ó.”

“Ṣé ó dùn ún wò?”

“Ó dùn ún wò, sà.”

Fátóyè fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́jọ náà ni.

Ó ní, “Ìka yín mẹ́rin ni sẹ́kọ́ńdì kan. Sẹ́kọ́ńdì méjì ni òkúta yẹn fi lọ. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kò lè jẹ́ ogójì. Ohun tó bá ń já bọ́ kì í rìn bákan náà. Ilẹ̀ ló ń fà á. Bó bá ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà ni eré rẹ̀ ń le sí i. Eré náà ń fi ẹsẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan lé sí i, ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan.”

Fátóyè yíjú sí mi. “Jímọ́ọ̀, ṣé tíṣà ń kólòlò ni? Ó pe sẹ́kọ́ńdì lẹ́ẹ̀mejì.”

A rẹ́rìn-ín. Láyíwọlá bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò bínú.

“Ìka márùn-ún yín, ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́fà ńkọ́, Bàbá? Ṣé okùn yín kì í dín?”

Ẹ̀rín dá. Mo wo Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́wálé wò mí. Ta ló sọ fún un?

“Okùn tuntun máa ń súnkì,” ni Fátóyè wí.

“Kì í ṣe okùn, sà. Iye ìka ni kí ẹ fi lu ara rẹ̀. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀yin ń ra ọgbọ̀n. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni kànga yìí.”

Bí bàbá rẹ̀ bá ti panu mọ́ níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn. Láyíwọlá ní, “Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì, ìwé tuntun tí wọ́n kó fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méjìlélọ́gbọ̀n.”

“Mítà nìyẹn, Pàápá.”

Fátóyè pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́! Èṣí wọ́n ní kí mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀, kó máa gba ọ̀tún. Oṣù kìn-ín-ní yìí wọ́n gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní náírà. Ó wá kan ilẹ̀. Èṣí ó ń fa méjìlélọ́gbọ̀n, ọdún yìí ó ń fa mẹ́sàn-án. Ṣé ó ti rẹ ilẹ̀ ni, tíṣà? Àbí ìjọba ló ní kó má fà jù?”

Ọdẹ́wálé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dọ́káàsì ní ohun kan náà ni méjèèjì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bàbá rẹ̀ ní, “Ó tó. Àgbà ń ṣiṣẹ́, o ń bá wọn jiyàn. Lọ sí ilé-ìwé rẹ.”

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣáà so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wò ó kí èèyàn tó wọ̀ ọ́.”

Ó lọ.

Lójú ọ̀nà ilé, Ọdẹ́wálé ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká so òkúta mọ́ ọn, ká kàn fi wò ó?”

“Ìwọ náà ti wọ ilé-ìwé? Bí mo bá so òkúta mọ́ okùn, kí ni wọ́n tún ń pè mí fún? Ọmọdé pàápàá lè so òkúta mọ́ okùn.”

Ọdẹ́wálé gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta la padà síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Ọdẹ́wálé bá ìyàwó rẹ̀ jà. Mọ́ríátù ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọ ilé mùsùlùmí ni, ó ti bímọ méjì fún un. Ọ̀rọ̀ omi ni. Obìnrin náà ti wà létí odò láti òru, korobá kan péré ló rí pọn. Ọkọ rẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ wẹ̀. Mọ́ríátù bú sí igbe, ó ní, “Máa lọ! Bó o bá fẹ́, má padà wá!” Gbogbo agbo ilé ló gbọ́. Ìyá wọn náà gbọ́.

Nígbà tí a dé Ìfọ́n, a wọn okùn tí Láyíwọlá rà. Ogójì géérégé, ó lé ibi tí a ó fi ta kókó. A so ó. A fi iná sí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, a jù ú sínú kànga láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Iná náà kò kú. Ó ń jó nísàlẹ̀. Mo bẹjú wò ó. Iná náà kéré jù. Iná kànga ìka márùn-ún kì í kéré tó bẹ́ẹ̀. N kò sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́wálé di okùn mú, ó wọlẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kànga náà ti gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara ògiri rẹ̀ lókè, Ọdẹ́wálé ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ihò tán, ara òkúta ló kù. A ń gbọ́ mímí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n! Okùn ti tán.”

“Ṣé o tẹlẹ̀?”

“N ò tẹlẹ̀.”

“Bó ṣe máa ń dín náà nìyẹn. Rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, na ara.”

Ó pẹ́ díẹ̀. “Mo ti nà án. N ò rí ilẹ̀. Ibí ṣú.”

“Ó kù díẹ̀ ni. Fi okùn sílẹ̀.”

“Ṣé kí n fi í sílẹ̀?”

“Àbí o fẹ́ sùn síbẹ̀? Fi okùn sílẹ̀, Wálé! Ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ!”

Okùn tó le tantan lórí igi rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Fátóyè wà lórí igi náà. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ìka rẹ̀ ń kan igi. Kó, kó, kó, kó. Ìró wá wá láti ìsàlẹ̀.

Ìka mẹ́rin. Ẹni tí ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í gba ìka kan kó tó tẹlẹ̀.

Mo wo ojú Fátóyè. Ó ti mọ̀. Kó tó pe orúkọ àbúrò rẹ̀, ó ti mọ̀.

A pè é. Ó dáhùn bí ẹni tó ń kérora. A sáré wọ ilé onílé, a gba okùn omi lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a so wọ́n pọ̀. Mẹ́ta la so mọ́ ọn kó tó kan ìsàlẹ̀. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán. Ó mọ̀ mí. Ó ní kí n fún òun lómi. Omi kò sí níbẹ̀.

A gbé e jáde. Láyíwọlá wá mọ́tò. Ọsibítù Òṣogbo là ń gbé e lọ. Kí a tó kọjá Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó ti dákẹ́. Orí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà.

Lọ́jọ́ kẹta, Láyíwọlá àti Dọ́káàsì wá kí wa. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, kò lè sọ̀rọ̀. Fátóyè ní kí àwọn tó kù jáde. Ó ní kí èmi dúró.

“Tíṣà, tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Tún un sọ. N ò ní rẹ́rìn-ín.”

Ó tún un sọ. Fátóyè ń wo ilẹ̀. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án àti méjìlélọ́gbọ̀n.

Dọ́káàsì ní, “Bí mo bá fi ọwọ́ mi wọn okùn yín, tí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n ọ́n, iye wa kò ní dọ́gba, sà. Okùn náà kò yí padà. Bí ilẹ̀ ṣe ń fà náà nìyẹn. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀.”

“Wálé fúyẹ́,” ni Fátóyè wí. “Nítorí pé ó fúyẹ́ ni mo ṣe ń rán an sísàlẹ̀. Ṣé fífúyẹ́ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ rárá?”

Tíṣà fẹ́ purọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Kò purọ́.

“Rárá, sà. Bí eré ẹni tó tóbi ṣe ń le sí i ni ti ẹni tó fúyẹ́ ń le sí i. Ìka kan náà ni wọn yóò gbà.”

Fátóyè ní, “O ṣeun.” Ó ní kó máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà òun àti èmi lọ sí Ìfọ́n, ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú kànga. Ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta àti díẹ̀. Ó ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹbí péjọ. Fábọ̀dé, àgbà ilé, ló jókòó lókè. Àbọ̀kẹ́ dìde, ó nàka sí Mọ́ríátù. Ó ní gbogbo ilé ló gbọ́ ohun tó fi ẹnu rẹ̀ sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mọ́ríátù ní kí ọkọ òun má padà wá, ọkọ rẹ̀ kò sì padà wá. Kí ló tún kù? Wọ́n ti jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó jókòó. Kí Mọ́ríátù kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Èyí kékeré ń mu ọmú lọ́wọ́. Mọ́ríátù kò jà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé ẹnu òun ló pa á.

Fátóyè dìde. “Kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹnu tèmi ni.”

Fábọ̀dé ní, “Jókòó, Fátóyè. Ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú.”

“Mo ní kó fi okùn sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé òun kò rí ilẹ̀. Mo ní ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ jìn sí i ju òrùlé ilé yìí lọ. Ọmọbìnrin kan ti sọ fún mi, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ayé ló dí ọ lójú.”

“Ayé kò sí níbẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀.” Ó yíjú sí mi. “Jímọ́ọ̀, kí ni mo sọ fún un?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. N kò fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò sọ ti iná tó kéré. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ń kọ ọ́ síbí báyìí.

Àbọ̀kẹ́ wo ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ méjì ni mo bí,” ló wí. “Ta ni kí n bá jà nítorí ta ni?”

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Fábọ̀dé ní kí Mọ́ríátù máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀, kó máa tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìpàdé tú.

Fátóyè kò gbẹ́ kànga mọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn lọ́nà oko Ẹ̀rìn. Wọ́n wá a títí, ó ní òun kò mọ iṣẹ́ náà. Láyíwọlá fi yẹ̀pẹ̀ dí kànga rẹ̀. Àbọ̀kẹ́ kò tún jẹ oúnjẹ tó ti ilé Fátóyè wá. Bó bá fi iṣu ránṣẹ́, ìyá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, yóò gbé e fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é, ó kú.

Ẹbí ní kí Fátóyè ṣú Mọ́ríátù lópó. Fátóyè ní òun kò lè wo ojú rẹ̀ lálẹ́. Mọ́ríátù náà ní òun kò fẹ́ ọkọ kankan. Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Láràárọ̀ ni Mọ́ríátù ń kúnlẹ̀ kí i, “Ẹ káàárọ̀, sà,” kò sì ní fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Fátóyè ń ṣán oko fún un, ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Obìnrin náà ń gbà á. Mo bi Mọ́ríátù nígbà kan bóyá ó ti dárí ji Fátóyè. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

“Ó gbà mí lọ́wọ́ wọn,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.”

Nígbà tí Fátóyè kú, àwọn ẹbí kan kò wá. Mọ́ríátù wá, ó kó àwọn ọmọ méjèèjì dání. Ó dúró títí a fi bo sàréè náà tán. Lẹ́yìn náà ó mú wọn lọ sílé, nítorí ilẹ̀ ń ṣú, wọn kò sì tíì jẹun.